Bí Ẹ Ṣe Lè Yẹ Ojú Òfuurufú Wò Kí Ẹ Tó Gbé Dróònù Sókè ní Àbújá àti Òkè Ọya

Ìbéèrè kan náà ni ó ń wọlé sórí fóònù mi ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, pàápàá ní àsìkò tí ìgbéyàwó bá pọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, mo ní iṣẹ́ ní Jabi, áàpù mi kò sì fi àmì pupa kankan hàn. Ṣé mo lè gbé e sókè?" Ohun tí mo máa ń dáhùn ni pé áàpù lè dákẹ́ kí ibẹ̀ sì jẹ́ èèwọ̀. Ilé iṣẹ́ tó ṣe dróònù ni ó ya máàpù inú áàpù. Ìjọba Nàìjíríà kọ́ ni ó yà á. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ mọ ohun tí ìjọba wí, ọ̀dọ̀ ìjọba ni yóò ti lọ wádìí rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ yìí ni mo to ìgbésẹ̀ tí èmi fúnra mi ń gbé sí, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀lé ara wọn, nítorí ẹni tí ó bá fi ìkẹrin ṣe ìkíní yóò kàn fi àkókò ṣòfò ni.

Ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo máàpù

Láti ọdún 2016 ni NCAA, àjọ tí ó ń ṣàkóso ètò ìrìnnà òfuurufú ní Nàìjíríà, ti kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé dróònù sójú òfuurufú orílẹ̀-èdè yìí láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àjọ náà àti lọ́wọ́ ONSA, tí í ṣe ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn fún Ààrẹ lórí Ètò Ààbò. Ìkéde yẹn kan àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba pàápàá, ká má tilẹ̀ sọ ti àwa tí a ń ya fídíò ìnáwó. ROC ni orúkọ ìwé ẹ̀rí tí NCAA ń fún àwọn tí ó ń fi dróònù ṣiṣẹ́, ọ̀dọ̀ ONSA sì ni ìwé tí a fi ń kó dróònù wọ orílẹ̀-èdè ti ń wá.

Bí ó bá jẹ́ pé abẹ́ ìwé àṣẹ ilé iṣẹ́ mìíràn ni ẹ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀ kí ẹ tó jáde, kí ẹ sì ka ọjọ́ tí yóò parí àti agbègbè tí ó mẹ́nu bà. Mo ti rí ìwé tí wọ́n kọ Kaduna sí, tí ẹni tí ó gbé e dání sì ń fi í ṣiṣẹ́ ní Kuje, ní Àbújá.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó yẹ kí a mú kúrò lọ́nà. Ọ̀pọ̀ gbàgbọ́ pé dróònù tí kò wọn tó 250 gíráàmù kò sí lábẹ́ òfin. Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀ wá, níbi tí ẹni tí ó ń fi irú dróònù bẹ́ẹ̀ ṣeré kò ti nílò láti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà kò sì lè torí pé dróònù wọn kéré gbé e wọ ojú òfuurufú tí wọ́n ti pa. Ẹ má gbé òfin ilé onílé wá sí Àbújá.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ sọ ibi iṣẹ́ náà di nọ́ńbà

"Ẹ̀yìn Jabi Lake" kì í ṣe àdírẹ́sì. Ẹ ní kí ẹni tí ó gbé iṣẹ́ fún yín fi ibi náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ ṣí i nínú Google Maps, kí ẹ sì tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ títí tí nọ́ńbà méjì yóò fi jáde. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ sàmì sí ibi mẹ́ta: ibi tí ẹ ó ti gbéra, ibi tí ó jìnnà jù tí dróònù yóò dé, àti ojú ọ̀nà tí yóò gbà padà wálé. Ìdí tí mo fi ní mẹ́ta ni pé ibi ìgbéra lè mọ́, kí ọ̀nà ìpadàbọ̀ sì gba orí bárékè kọjá, nítorí pé nígbà tí dróònù bá ń dá padà wálé fúnra rẹ̀, ọ̀nà tí ó tọ́ tààrà jù ni ó sábà máa ń gbà, kò sì ní bi yín léèrè ohun tí ó wà nísàlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wọn bí ó ṣe jìnnà sí pápákọ̀ òfuurufú

Irinṣẹ́ ìwọ̀n wà nínú Google Maps àti Google Earth. Etí ojú ọ̀nà tí bààlúù ń sáré lé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n, ẹ má ṣe ti ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn èrò bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ibi tí bààlúù ti ń rẹlẹ̀ ni ewu wà. Ní pápákọ̀ Nnamdi Azikiwe, 04 àti 22 ni orúkọ ojú ọ̀nà náà, ibi tí ó kọjú sí ni nọ́ńbà náà ń sọ: ó na láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn sí àríwá ìlà-oòrùn. Ẹ fa ìlà kan gba àárín rẹ̀ jáde ní orí méjèèjì, kí ẹ sì wo bóyá iṣẹ́ yín wà ní itòsí ìlà yẹn, bí ó tilẹ̀ jìnnà sí ọgbà pápákọ̀ fúnra rẹ̀.

Nínú àpẹẹrẹ òfin tí ICAO, àjọ àgbáyé fún ìrìnnà òfuurufú, kọ sílẹ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè, kìlómítà 4 ni wọ́n ní kí dróònù fi jìnnà sí pápákọ̀, ó kéré tán, kí ó má sì kọjá 400 ẹsẹ̀ bàtà sókè, tí ó jẹ́ nǹkan bí mítà 120. Ẹ má ṣe rò pé kìlómítà 4 tán, ọ̀rọ̀ tán. Agbègbè tí ilé ìṣọ́ pápákọ̀ ń darí máa ń gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ, láti ilẹ̀ ni ó sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ ní Lugbe, ní Gosa tàbí ní Idu gbọ́dọ̀ bá àwọn tí ó ń darí ọkọ̀ òfuurufú sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ NAMA, àjọ tí ó ń bójú tó ojú òfuurufú, kí ó tó fi ọwọ́ kan bátìrì.

Ẹ há orúkọ onílẹ́tà mẹ́rin tí wọ́n fi ń pe pápákọ̀ tí ó súnmọ́ yín sórí, nítorí a ó lò ó ní Ìgbésẹ̀ 4:

- Àbújá: DNAA
- Kano: DNKN
- Kaduna: DNKA
- Jos: DNJO
- Minna: DNMN
- Ilorin: DNIL
- Sokoto: DNSO
- Maiduguri: DNMA

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wá àwọn ibi tí a ti fi òfin dè títí lọ

Nínú AIP, ìwé ìtọ́sọ́nà ojú òfuurufú orílẹ̀-èdè tí NAMA ń tẹ̀ jáde, oríṣi mẹ́ta ni wọ́n pín àwọn ibi tí ó ní ìdíwọ́ sí. Lẹ́tà DN ni ó máa ń ṣíwájú orúkọ wọn, P, R tàbí D yóò wá tẹ̀ lé e pẹ̀lú nọ́ńbà. P jẹ́ èèwọ̀: ẹ kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. R jẹ́ ibi tí a lè wọ̀ bí a bá mú májẹ̀mú rẹ̀ ṣẹ, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni ibẹ̀. D jẹ́ ibi eléwu, bíi ibi tí àwọn ológun ti ń yìnbọn dánra wò. Ọ̀pọ̀ a máa fojú kéré rẹ̀ nítorí pé wọn kò kọ "èèwọ̀" sí i lára, ṣùgbọ́n ọta ìbọn kì í ka ìwé kí ó tó fò.

Bí ìyípadà bá dé bá ìwé náà, ọjọ́ 28 sí ara wọn ni àwọn ọjọ́ tí wọ́n ti yàn fún un. Ẹ̀dà tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí yín lọ́dún tó kọjá ti di ìwé ìtàn.

Ní Àbújá, mi ò nílò ìwé kankan láti mọ̀ pé Three Arms Zone, níbi tí Aso Villa, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin àti Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ wà, kì í ṣe ibi tí a ń dán nǹkan wò. Ní tèmi, mi ò tilẹ̀ ń gba iṣẹ́ tí Àpáta Aso yóò hàn gbangba nínú fídíò rẹ̀ láti tòsí, bí owó rẹ̀ ti wù kí ó pọ̀ tó. Ẹ fi ojú kan náà wo bárékè, ọgbà ẹ̀wọ̀n, ìsédò, ilé iṣẹ́ ìfọpo àti ibùdó iná ọba, yálà ẹ rí wọn nínú ìwé tàbí ẹ kò rí wọn.

Àwọn tí ó wà ní Borno, Yobe àti Adamawa, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, ẹ̀ka òfuurufú Operation Hadin Kai, ikọ̀ ológun tí ó ń gbógun ti àwọn agbésùnmọ̀mí níbẹ̀, fi òfin de lílo dróònù láìgba àṣẹ ní gbogbo Àríwá Ìlà-Oòrùn. Ọ̀dọ̀ àwọn ológun ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó padà wá sí ìgbésẹ̀ yòókù.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ka NOTAM

Ibí ni iṣẹ́ wà jù, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ti ń fò kọjá. NOTAM ni ìkéde tí ó ń sọ ohun tí ó yí padà lójú òfuurufú fún ìgbà díẹ̀: ìrìnàjò Ààrẹ, ìdánrawò ológun, ayẹyẹ ọjọ́ òmìnira, kéréènì gíga tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dúró. Ọ́fíìsì AIS, tí ó ń fúnni ní ìròyìn òfuurufú lábẹ́ NAMA ní pápákọ̀, ni wọ́n ti ń fúnni. Ẹ béèrè fún ti pápákọ̀ tí ó súnmọ́ yín, kí ẹ sì béèrè fún ti DNKK, ìyẹn orúkọ agbègbè òfuurufú Kano tí Àbújá pẹ̀lú wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá béèrè DNAA nìkan lè pàdánù ìkéde tí wọ́n fi sábẹ́ DNKK.

Ẹ jẹ́ kí a ka ọ̀kan pa pọ̀. Èmi ni mo ṣẹ̀dá èyí fún ìdánrawò, ẹ má ṣe fi í ṣiṣẹ́:

Q) DNKK/QRTCA/IV/BO/W/000/020/0904N00729E005
A) DNKK B) 2610010700 C) 2610011100

1. DNKK ni agbègbè òfuurufú.
2. QRTCA ni kókó ọ̀rọ̀. RT jẹ́ ibi tí a fi òfin dè fún ìgbà díẹ̀, CA sì túmọ̀ sí pé ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ẹ bá rí RP, RR tàbí RD níbẹ̀, oríṣi mẹ́ta Ìgbésẹ̀ 3 ni wọ́n. WU máa ń jẹ́ ìkìlọ̀ nípa dróònù àwọn ẹlòmíràn.
3. 000/020 ni ìsàlẹ̀ àti òkè rẹ̀: láti ilẹ̀ títí dé 2,000 ẹsẹ̀ bàtà. Níwọ̀n ìgbà tí nọ́ńbà àkọ́kọ́ bá ti jẹ́ 000, ó kàn yín.
4. 0904N00729E ni àárín gbùngbùn rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ níbí. Dìgírì 9 àti ìṣẹ́jú 4 ni 0904, kì í ṣe 9.04. Ẹ pín ìṣẹ́jú náà sí 60 kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ sínú Google Maps: yóò di 9.067, tí 00729 yóò sì di 7.483, àárín ìlú Àbújá gan-an. Ẹni tí ó bá tẹ 9.04 àti 7.29 yóò bá ara rẹ̀ lápá ọ̀nà pápákọ̀, ní ibi tí ó lé ní kìlómítà 20 sí ibi tí ìkéde náà ń sọ, yóò sì máa yọ̀ pé Jabi mọ́.
5. 005 ni bí ó ṣe fẹ̀ láti àárín síta, ní máìlì ojú òkun. Máìlì kan jẹ́ mítà 1,852, nítorí náà márùn-ún jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 9.3. Ẹ yí i po lórí máàpù. Jabi Lake wọ inú rẹ̀ pátápátá. Gwarinpa wà létí rẹ̀, kí ẹni tí ó wà níbẹ̀ wọ̀n ọ́n dáadáa. Kubwa wà níta.
6. B àti C ni ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin: ọdún, oṣù, ọjọ́, wákàtí àti ìṣẹ́jú. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2026 ni èyí, láti aago 0700 sí 1100. Aago UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé, ni, aago tiwa sì fi wákàtí kan ṣíwájú rẹ̀. Aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago méjìlá ọ̀sán ni kí ẹ kà á sí.

Èmi náà ti jìn sí kòtò yẹn rí. Mo ka òpin ìkéde kan sí aago mọ́kànlá bí mo ṣe rí i, mo ti bátìrì bọ dróònù ní aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú, àfi bí ẹnìkejì mi ṣe béèrè pé, "Bọ̀dá, aago ibo ni ẹ kà yẹn?" A jókòó sábẹ́ igi máńgòrò títí di ọ̀sán gangan, hẹlikópítà méjì sì rẹlẹ̀ kọjá lókè wa kí aago tó lù. Láti ọjọ́ náà, aago Nàìjíríà ni mo máa ń fi yíǹkì pupa kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo NOTAM tí mo bá tẹ̀ sórí bébà.

Bí EST bá wà lẹ́yìn òpin, ó túmọ̀ sí pé wọ́n kàn fojú díwọ̀n rẹ̀ ni. Ẹ má ṣe gbà pé ó ti parí títí ẹ ó fi rí ìkéde tí ó fòpin sí i. PERM túmọ̀ sí pé ó ti di ti títí ayé.

Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì: ní alẹ́ tí ó ṣáájú iṣẹ́, àti ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ bá àwọn tí ó wà nílẹ̀ sọ̀rọ̀

Ojú òfuurufú lè mọ́ kí ilẹ̀ má mọ́. Ẹ lọ rí DPO àgọ́ ọlọ́pàá tí ó ni àdúgbò náà pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé yín, bí ó bá sì jẹ́ ìletò lẹ́yìn Bwari tàbí lójú ọ̀nà Kaduna ni, ẹ kí Mai Angwa, olórí àdúgbò, kí ẹ tó kí ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò bá gbọ́ Hausa dáadáa, kí ó mú ẹni tí ó gbọ́ ọ dání. Ní apá ibi tí àwọn ará ìlú ti mọ dróònù mọ́ bọ́ǹbù, ariwo tí ó ń dún lókè láìsí ẹni tí ó ṣàlàyé rẹ̀ lè lé gbogbo ọjà ká.

Mẹ́gáàdì ẹnu géètì kò ní agbára láti fún yín ní àṣẹ òfuurufú, ṣùgbọ́n òun ni yóò sọ fún yín pé ilé kejì jẹ́ ti ọ̀gá ológun kan tàbí pé hẹlikópítà máa ń bà sí ẹ̀yìn òtẹ́ẹ̀lì yẹn lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ ṣírò gíga láti ilẹ̀

Nọ́ńbà gíga tí ẹ ń rí lójú rìmóòtù jẹ́ ti ibi tí ẹ ti gbéra, kì í ṣe ti ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ dróònù ní àkókò náà. Ìlú olókè ni Àbújá. Bí ẹ bá gbéra lórí òkè Mpape, tí ẹ sì dorí kọ ìsàlẹ̀ lápá Maitama, rìmóòtù lè máa pe mítà 100 láìyẹ̀. Ká ní ilẹ̀ ti fi mítà 60 rẹlẹ̀ lábẹ́ yín, mítà 160 ni ẹ wà sókè, ẹ sì ti kọjá mítà 120 láìmọ̀. Ẹ wo gíga ilẹ̀ nínú Google Earth ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta Ìgbésẹ̀ 1, ẹ yọ ìyàtọ̀ rẹ̀ kúrò nínú mítà 120, kí ẹ sì fi ohun tí ó kù ṣe òdiwọ̀n nínú ètò dróònù yín kí ẹ tó gbéra.

Ìgbésẹ̀ 7: Ní ojú iṣẹ́

Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìtan nǹkan kan. Ẹ gbọ́ ìró, ẹ wo òkè. Ẹ fi ẹnì kan ṣe olùṣọ́ tí kò ní wo rìmóòtù rárá. Ní àsìkò ọyẹ́, bí eruku bá ti bo orí ilé gogoro tí ẹ fi ń ṣàmì, ẹ ká dróònù kúrò nílẹ̀; ẹ kò ní rí bààlúù, bààlúù kò sì ní rí yín. Ìró hẹlikópítà èyíkéyìí túmọ̀ sí pé kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kódà bí ìyàwó bá ń wọlé lọ́wọ́.

Àwọn àṣìṣe tí mo ń rí jù

Gbígbára lé ìdènà inú dróònù ni olórí wọn. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, DJI, ilé iṣẹ́ tí ó ń ṣe dróònù, sọ àwọn ibi tí ó máa ń ti dróònù mọ́lẹ̀ ní Amẹ́ríkà di ìkìlọ̀ lásán tí awakọ̀ lè tẹ̀ kọjá, ilé iṣẹ́ náà sì ti ṣe irú rẹ̀ ní Yúróòpù ṣáájú. Ó yẹ kí èyí fi hàn pé ọrùn awakọ̀ ni ẹrù náà wà. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ náà ni kí a wa áàpù bíi B4UFLY jáde, èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, kí a sì máa fi í wá Garki.

Òmíràn ni "wọ́n fò níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá". Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní àṣẹ tí ẹ kò ní, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n kàn rí i mú jẹ ni.

Bí ibẹ̀ bá jẹ́ èèwọ̀

- Ẹ yí aago padà, bí ó bá jẹ́ NOTAM ìgbà díẹ̀ ni.
- Ẹ yí ibẹ̀ padà: ẹ ya ìyàwó àti ọkọ ní ibòmíràn tí ẹ ti yẹ̀ wò, ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ìgbéyàwó.
- Ẹ fi ọ̀pá gígùn gbé kámẹ́rà sókè, tàbí kí ẹ ya á láti orí òrùlé pẹ̀lú àṣẹ onílé. Mítà mẹ́fà sókè tó fún ọ̀pọ̀ ìran tí a rò pé dróònù nìkan ni ó lè yà.
- Fún ìwọ̀n ilẹ̀, ẹ lo àwòrán sátẹ́láìtì, kí àwọn sọ́féyọ̀ sì parí rẹ̀ lórí ilẹ̀.

Ẹ fàmì sí i kí ẹ tó jáde nílé

- Ìwé NCAA àti ti ONSA, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọn kò tíì parí
- Nọ́ńbà ibi mẹ́ta
- Ìwọ̀n sí etí ojú ọ̀nà bààlúù
- P, R àti D láti inú AIP tuntun
- NOTAM pápákọ̀ àti DNKK, ní aago Nàìjíríà
- Orúkọ ẹni tí ẹ bá sọ̀rọ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá, àti aago tí ẹ sọ ọ́
- Òdiwọ̀n gíga tí ẹ ti tẹ̀ sínú dróònù

Ẹ ya fọ́tò bébà náà kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀. Ní ti oníbàárà, ọjọ́ tí ó bá sanwó àsansílẹ̀ ni kí ẹ ti kọ̀wé sí i, kí ó má baà di ìjà ní ọjọ́ ìnáwó. Èyí tí mo máa ń fi ránṣẹ́ rèé, ẹ lè yí i bí ó ṣe wù yín: "Àǹtí, ẹ kú ìnáwó o. Bí àwọn aláṣẹ bá ti ojú òfuurufú pa lọ́jọ́ náà, dróònù kò ní fò. A ó fi ọ̀pá gbé kámẹ́rà sókè dípò rẹ̀, a ó sì dá owó dróònù padà fún yín kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú."